Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi Lórí Ìwé Tí Wọ́n Fi Gba Pápá

Bàbá mi kọ orúkọ wọn láti fi hàn pé àwọn wá sípàdé, àwọn kan fi orúkọ yẹn gba pápá ìlú wa, èmi ọmọ wọn ni mo sì gbé ìwé náà lé àwọn olè lọ́wọ́.

Admin, ẹ bá mi bo orúkọ mi o, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti pẹ́ lórí péèjì yìí, mo ti ka ìjẹ́wọ́ oríṣiríṣi, èmi náà sì wà lára àwọn tó máa ń sáré wá sábẹ́ ẹ̀ láti fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́... ó ti wá kàn mí báyìí. Mi ò ní dárúkọ ìlú wa. Ẹ ṣáà mọ̀ pé agbègbè Ìkìrun, Inísà àti Òkukù yìí náà la wà, ìlú kékeré tí mọ́tò kì í dúró níbẹ̀ àfi tí ẹ bá pariwo "Ó wà o!" Ẹ̀ka ètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka tó ń pinnu ibi tí èèyàn lè kọ́lé sí àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọ sí. Mo kàwé ẹ̀ ní yunifásítì, ọdún márùn-ún gbáko, mo sì ṣe dáadáa. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ níbí pé bóyá mi ò mọ nǹkan tí mò ń ṣe ni. Mo mọ̀ ọ́n.

Pápá Ìdí Iyeyè ni mò ń wí. Tí ẹ bá bi àwọn ará ìlú wa pé kí ni wọ́n ń fi pápá yẹn ṣe, ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó kà á tán. Ibẹ̀ ni gbogbo ọlọ́kadà ìlú yìí ti kọ́ kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti bó lórúnkún. Ibẹ̀ làwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń sáré ìje lọ́dọọdún. Àwọn ìyá ń sá láfún sórí àpáta tó wà létí ẹ̀, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín, tí bọ́ọ̀lù bá sì bọ́ sórí láfún, èébú tí ẹ máa gbọ́, ẹ ò ní gbọ́ irú ẹ̀ lórí rédíò láéláé. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá iléèwé kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, "Bàbá H.M." ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n títí dòní, àwọn ni wọ́n máa ń fi eérú fa ìlà sórí pápá yẹn fúnra wọn láàárọ̀ ọjọ́ eré ìje. Lẹ́yìn náà ni àìsàn rọpárọsẹ̀ wá bá wọn, ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹni tó ń bá wọn na ẹsẹ̀ ní ọsibítù ní kí wọ́n máa rìn lórí ilẹ̀ rírọ̀, kí wọ́n má rìn lórí títì. Pápá ni wọ́n gbà lọ. Níbẹ̀rẹ̀, láti ìdí igi iyeyè dé òpó góòlù ni agbára wọn mọ, wọ́n á jókòó, wọ́n á mí. Nígbà tó yá wọ́n yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó fi máa di pé wọ́n ti pápá yẹn pa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi ń yí i ká láràárọ̀, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù á dá bọ́ọ̀lù dúró tí wọ́n bá fẹ́ kọjá lẹ́nu góòlù, wọ́n á ní "Ẹ máa bọ̀ sà, a ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Àwọn ọlọ́gbọ́n wa ní sẹkiteríàtì wá jókòó, wọ́n wo ibi tí gbogbo ìlú ti ń ṣeré, wọ́n ní ohun tí ìlú ò ní ni ibi ìṣeré. Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n ní àwọn máa kọ́ Ultra-Modern Recreation Centre. Mo rí àwòrán ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló kọjú sí títì, gbọ̀ngàn ayẹyẹ wà láàárín, ilé ọtí wà lẹ́yìn, ògiri yí gbogbo ẹ̀ po, géètì kan ṣoṣo. Ní kọ̀rọ̀ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ya nǹkan róbótó kan, wọ́n kọ "children's play area" sí i. Ilé ìdáná màmá mi tóbi jù ú lọ. Ọ̀gá mi, HOD wa, ló kọ ìròyìn nípa ilẹ̀ náà. Mi ò ní fi "wọn" pè é, ẹ forí jì mí, ó dàgbà jù mí lọ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀wọ̀ àgbà ti tán lẹ́nu mi lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Kò débẹ̀. Orí àga ló jókòó sí tó ti kọ ọ́ pé ilẹ̀ tó ṣófo ni, pé kò sẹ́ni tó ń lò ó. Máàpù àtijọ́ wà lára ògiri lẹ́yìn orí ẹ̀ gangan, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kun pápá yẹn níbẹ̀, wọ́n kọ "open space" sí i, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí i. Kó kàn yí ọrùn padà lásán ni. Kò yí i. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tó ń tì mí lójú: èmi ni mo bá a tún gírámà ìròyìn yẹn ṣe. Ó kọ gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ iléèwé bàbá mi ò jẹ́ kọ, èmi akọ̀wé-kọwúrà bá a fọ irọ́ ẹ̀ mọ́, mo bá a tẹ̀ ẹ́, mo bá a fi sí fáìlì.

Òfin ní kí wọ́n lẹ ìkéde síta, kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn lè kọ̀wé wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ara ògiri sẹkiteríàtì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ilẹ̀kùn á bò ó títí wọ́n á fi ti ọ́fíìsì. Ìgbà tí sẹkiteríàtì bá wà ní títì pa nìkan ni ìkéde wọn wà ní gbangba. Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Fún àwọn ìyá tó ń sá láfún! Ọ̀sẹ̀ méjì pé, HOD kọ ọ́ sí fáìlì pé kò sẹ́ni tó takò ó.

Ó wá ku kí ìlú fọwọ́ sí i. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn iléèwé. Káńsílọ̀ wa, tó jẹ́ pé orí pápá yẹn náà ló ti gbá bọ́ọ̀lù dàgbà, tó mọ ibi tí gbogbo kòtò inú ẹ̀ wà, ló dúró níwájú tó ń sọ "development, development" bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Ìlú wá. Wọ́n wá láti kọ̀ ọ́ ni o. Kò sẹ́ni kan tó fara mọ́ ọn. Bàbá mi dìde, ẹnu wọn wọ́ díẹ̀ látìgbà àìsàn, gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ ká lè gbọ́. Wọ́n ní, "Káńsílọ̀, èmi ni mo kọ́ ẹ ní ABD. Lọ́jọ́ tí mo nà ẹ́ torí pé o ṣẹ́ òpó góòlù, ta ni mo sọ fún ẹ pé ó ni òpó góòlù?" Káńsílọ̀ rẹ́rìn-ín ẹ̀sín, ó ní, "Ìlú ni, sà." Bàbá mi ní, "Ó dáa. Jókòó." Gbogbo ilé hó yèè. Ó sì jókòó, ẹ̀yin èèyàn, ó jókòó! Ẹ̀rín pa èmi náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Káńsílọ̀ ní òun ti gbọ́, pé kí gbogbo wa kọ orúkọ sílẹ̀ kí àwọn ọ̀gá lè mọ iye èèyàn tó wá.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni HOD ti ní kí n tẹ àkọlé, "Orúkọ Àwọn Tó Wá Sípàdé," sórí ìwé kan lọ́tọ̀, kí n fi bo àwọn ìwé tí wọ́n máa kọ orúkọ sí, ó ní kó lè mọ́ tónítóní ni. Mi ò bi í léèrè pé kí ló dé. Ẹ̀yin náà sì mọ àwọn èèyàn wa. Kò sí ohun tó ń bí àgbà nínú bíi pé kó wá sípàdé kí wọ́n má kọ orúkọ ẹ̀. "Kí wọ́n má lọ sọ lọ́la pé a ò wá o." Wọ́n ń du bírò mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìyá kan tó pẹ́ dé sáré tẹ̀lé mi dé ẹnu mọ́tò, ó ní kí n kọ òun, kí n sì kọ ọkọ òun náà, wọ́n wà lóko ni àmọ́ ọkàn wọn wà níbí. Mo kọ ọ́. Àwọn tí ò mọ̀wé tẹ àtàǹpàkò. Bàbá mi ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ, ọ̀wọ̀ ni. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kọ̀wé báyìí, wọ́n kọ́ ọ fún oṣù mélòó kan sínú ìwé àtijọ́ àwọn ọmọ mi, a, b, d, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀gá iléèwé odidi. Wọ́n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ gbogbo ilé, "Ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì ni mo fẹ́ fi kọ ọ́," wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ẹni tó fara ti ọ̀pá. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú wọn dùn pé ọmọ àwọn ló mú ìwé náà dání.

Ọjọ́ Ajé, HOD pè mí wọlé. Ó na ìwé kan sí mi tó ti tẹ̀ sílẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ni, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé àwa tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀ yìí fara mọ́ ọn tọkàntọkàn kí ìjọba ìbílẹ̀ lo ilẹ̀ náà. Ó ní kí n yọ ìwé tó wà lókè kúrò, kí n fi ìyẹn rọ́pò ẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń rán èèyàn lọ pọn omi. Kò tilẹ̀ wojú mi. Ẹ gbọ́, mo ṣe ìdánwò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní yunifásítì, lórí bó ṣe yẹ kí ìlú lóhùn sí ètò ìlú, A ni mo gbà. Pẹ̀lú A yẹn ni mo fi èékánná yọ píìnì tó di àwọn ìwé náà mú, mo fi ìwé irọ́ lé orí orúkọ bàbá mi, mo tún fi píìnì gún un. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí ẹ̀? Lẹ́tà tó máa sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi, kúrò ní onígbà díẹ̀, wà lórí tábìlì ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, abẹ́ gíláàsì ló fi í sí, tí mo bá dúró níwájú ẹ̀ mo máa ń rí orúkọ mi lóríkodò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló fọwọ́ sí i. Ìdí ẹ̀ nìyẹn, kò sí òmíràn. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó ní àkọlé ìpàdé, mi ò fà á ya. Mo ká a sínú báàgì mi. Ẹ má tìtorí ìyẹn yìn mí. Kì í ṣe ìgboyà rárá. Ẹni tó bá olè lọ jalè ni, tó ń tọ́jú ẹ̀rí pamọ́ torí pé ó mọ irú ẹni tí òun bá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan bàbá mi dé pápá, páànù ni wọ́n bá. Páànù tuntun yí gbogbo ẹ̀ ká, wọ́n gbé fọ́tò Alága ìjọba ìbílẹ̀ gàgàrà kọ́ ọ, ó ń fi eyín hàn, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ọ̀rẹ́ mẹ̀kúnnù ni. Alága tí kò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ tó wá wo ilẹ̀ náà! Gíláàsì mọ́tò ló yí wálẹ̀, ó na ìka kan síta, ó nà án síbí, ó nà án sọ́hùn-ún, ó yí gíláàsì padà sókè, wọ́n gbé e lọ. Èmi jókòó sí yunifásítì fún ọdún márùn-ún, ẹni yìí fi ìka kan ṣe ètò ìlú tán. Wọ́n ti gé igi iyeyè. Bàbá mi fi ọ̀pá kan páànù yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n padà sílé, wọ́n ní, "Wọ́n ti ti pápá." Etí títì ni wọ́n wá ń rìn, ọ̀kadà á máa fọn fèrè lẹ́yìn wọn, wọ́n á yà sẹ́bàá gọ́tà, kó tó pẹ́ wọ́n ti padà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọn ò jáde mọ́. Ẹsẹ̀ yẹn ti ń le padà. Mò ń rí i.

Ẹ ní kó tán síbẹ̀... Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn gbọ́, wọ́n kọ̀wé ẹ̀hónú ránṣẹ́. Káńsílọ̀ ò bá wọn jiyàn rárá, ó kàn ya ìwé yẹn ní fọ́tò, ó jù ú sórí WhatsApp ìlú: ẹ wò ó, àwọn àgbà yín ló fọwọ́ sí i. Orúkọ bàbá mi ni nọ́ńbà kìíní. Ọwọ́ òsì, gàdàgbà, kò ṣeé sẹ́. Àwọn kan tó wà nípàdé ní attendance ni àwọn kọ, Káńsílọ̀ ní kí wọ́n ka òkè ìwé. Wọ́n ka òkè ìwé. Wọ́n wá yí ọ̀rọ̀ padà: àwọn ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, Bàbá H.M. ló gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, Bàbá náà ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, àwọn kàn tẹ̀lé àgbà ni. Ẹ ò gbọ́ àwọn voice note yẹn. Wọ́n ní H.M. ti ta pápá. Wọ́n ní gbogbo "ta ló ni òpó góòlù" yẹn, eré orí ìtàgé ni, pé bàbá mi àti Káńsílọ̀ ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan tí bàbá mi pọ̀n sẹ́yìn dé ilé lọ́jọ́ tó dá lẹ́sẹ̀ lórí pápá yẹn ní Ọlọ́run mọ ìdí tí Òun fi mú wọn lápá. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì.

Bàbá mi ní kí n wá ka ìwé náà fún àwọn lórí fóònù. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wo ọwọ́ òsì wọn. Wọ́n wá ní, "Ọwọ́ mi nìyí lóòótọ́. Mi ò sì fọwọ́ síwèé tí mi ò kà rí láyé mi. Àbí mo kà á, tí mo wá gbàgbé? Àìsàn yìí ti mú nǹkan lọ lórí mi." Wọ́n wò mí. Nínú gbogbo ayé yìí, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá yẹn tí mo lè dá wọn lóhùn. Mo ní, "Ẹ má rò ó bàbá mi, ẹ sinmi." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo jẹ́ kí bàbá mi gbà pé orí àwọn ti ń dàrú, torí lẹ́tà kan tó wà lábẹ́ gíláàsì. Látìgbà náà wọ́n ti ní kí wọ́n ra ìwé tuntun fún àwọn, wọ́n ń kọ gbogbo nǹkan sí i lójoojúmọ́: mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, mo lo oògùn, ọmọ mi obìnrin wá kí mi. Nírọ̀lẹ́ wọ́n á gbé ìwé náà fún màmá mi kí wọ́n bi àwọn léèrè bí ìdánwò, tí bàbá mi bá gbà á wọ́n á mí kanlẹ̀, tí wọ́n bá ṣìnà lórí ẹyọ kan, wọn ò ní jẹun. Màmá mi, tó jẹ́ ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, kí Ọlọ́run lè dá iyè bàbá mi padà. Iyè tí kò lọ síbì kankan! Inú báàgì mi ló wà.

Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ìpàdé ìlú níwájú ààfin. Bàbá mi ní àwọn máa lọ tọrọ àforíjì. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe ohun tí kò rántí, ó ṣe é náà ni, pé àwọn ò ní kú kí wọ́n máa pe àwọn ọmọ àwọn ní ọmọ ẹni tó ta pápá. Wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀, níwájú àwọn tí wọ́n kọ́ ní ABD, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn. Wọ́n ti ń dán an wò ní yàrá. Wọ́n á di etí bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n á rọra lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀... lílọ sílẹ̀ ò le, dídìde ni wọn ò lè dá ṣe. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìntì. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, áyọ́ọ̀nù ti gbóná, ọwọ́ mi ò gbé e.

Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá gbé ìwé àkọ́kọ́ yẹn jáde, HOD á ní èmi ni mo to ìwé, orúkọ mi ló wà lẹ́yìn fáìlì, òótọ́ sì ni. Iṣẹ́ á lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Àmọ́ ọjọ́ tí bàbá mi bá mọ̀ pé orí àwọn pé, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n máa mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n rẹ́rìn-ín sí nípàdé ló ta wọ́n. Èwo ló máa tètè pa wọ́n nínú méjèèjì? Ṣé kí n fi ìwé náà hàn wọ́n nínú ilé kí Sátidé tó dé, kí n kúnlẹ̀? Ṣé kí n dìde níwájú gbogbo ìlú? Àbí kí n fi nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ jù ú sórí WhatsApp bí ojo tí mo jẹ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ó tọ́ sí mi, àmọ́ tí ẹ bá bú mi tán kí ẹ sọ nǹkan tí màá ṣe.

Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, mo mọ̀ pé ẹ ó ka èyí. HOD, ọjọ́ wo lo dé Pápá Ìdí Iyeyè tó o fi rí i pé ó ṣófo? Káńsílọ̀, ẹnu ẹ lo fi sọ pé ìlú ló ni òpó góòlù, ìgbà wo ni ìlú fún ẹ? Alága, ọ̀rẹ́ mẹ̀kúnnù, nígbà tó o na ìka yẹn, ṣé o rí bàbá kan tó ń fi ọ̀pá rìn létí pápá, àbí gíláàsì rẹ dúdú jù? Ta ni nínú yín tó máa wá síwájú ààfin lọ́jọ́ Sátidé, tó máa sọ fún bàbá mi pé ìwé ìpàdé ni wọ́n fọwọ́ sí, pé kò sí nǹkan tó ṣe iyè wọn? Tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá ní dìde, tí èmi náà bá tún jókòó, tí bàbá mi bá ti dọ̀bálẹ̀ tán, ta ló máa gbé wọn dìde nílẹ̀?